Ìrírí mi: bí mo ṣe tọ owó gílóọ̀fù dé ọ̀dọ̀ Ọnọ́rébù

₦46,500 ni ìbímọ tí wọ́n ní a ò ní san kọ́bọ̀ lé lórí ná wa. Mo fi iye yẹn sí òkè kí gbogbo ènìyàn lè rí i, nítorí òun ni mò ń rò ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń gun àtẹ̀gùn sẹkitéríàtì, òun náà ni mò ń rò nígbà tí P.A. Ọnọ́rébù ń bi mí pé ẹgbẹ́ òṣèlú wo ni mò ń ṣe.

Ìyàwó àbúrò mi ló bímọ. Ó ní káàdì ìlera tí wọ́n ń fún àwọn tí kò rí já jẹ. Orúkọ rẹ̀ wà lára káàdì náà, orúkọ ilé ìtọ́jú alábọ́dé tó yẹ kó máa lọ náà wà níbẹ̀. Owó tó wà lẹ́yìn káàdì yẹn kì í ṣe sàráà. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ló ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọ àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Òfin náà tún pín in: ìdajì fún ètò adójútòfò, ìdá 20 fún oògùn, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ohun èlò tí wọ́n ń lò sọnù, ìdá 15 fún ilé, ẹ̀rọ àti ọkọ̀, ìdá 10 fún òṣìṣẹ́, ìdá 5 fún pàjáwìrì. Ìtọ́jú aláboyún, ìrọbí àti ìtọ́jú ìyá lẹ́yìn ìbímọ wà nínú ohun tí káàdì bò. Àṣé gbogbo rẹ̀ ló bò, àfi ọwọ́ nọ́ọ̀sì.

Lóru tí a gbé e débẹ̀, nọ́ọ̀sì ya ẹ̀gbẹ́ páálí oògùn kan, ó fi báírò pupa kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀: gílóọ̀fù páálí kan, òwú, Jik, Dettol, bíléèdì, dírípù méjì, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ya, lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé “epo jẹn”. Ó ní kí àbúrò mi sáré. Ilé oògùn tó ṣí ní òru yẹn kò jìnnà sí géètì, yàtọ̀ sí epo, kò sì sí ohun tó wà lára páálí yẹn tí wọn ò ní. Ọmọ sọ̀kalẹ̀ ní àlàáfíà, ìyá rẹ̀ náà wà ní àlàáfíà, a dúpẹ́. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń sọ fún mi pé ṣebí ọmọ yè, kí ló tún kù. Owó ló kù.

Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Alẹ́kúwodò mọ̀ pé lẹ́tà ni mò ń jẹ. Mò ń tẹ̀wé, mò ń ṣe fọ́tòkọ́pì, wọ́n sì ń pè mí ní Ìyá Kọ̀ǹpútà. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, mo ti rí èyí tó jẹ́ àti èyí tí kò jẹ́. Èyí tí wọ́n bá ti fi ẹkún bẹ̀rẹ̀ kì í sábà jẹ́. Torí náà mi ò kọ ìwé ẹ̀sùn kankan lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí àbúrò mi kó rìsíìtì ilé oògùn fún mi, kó sì wá páálí tí nọ́ọ̀sì kọ nǹkan sí. Inú ìwé àjẹsára ọmọ ló ká a sí. Páálí yẹn wúlò ju gbogbo lẹ́tà tí mo padà kọ lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ra nǹkan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu lásán sọ ọ́ fún yín.

Ti bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀, níbi tí mo ti kọ́kọ́ wá owó náà, mi ò ní fi dá yín dúró. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá a, ẹ gbé e sílẹ̀. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé 0521 ni nọ́ńbà tí ìlà ilé iṣẹ́ ètò ìlera fi ń bẹ̀rẹ̀, pé nínú ìnáwó, 21 ni owó òṣìṣẹ́, 22 ni owó ìnáwó ojoojúmọ́, 23 ni owó iṣẹ́ àkànṣe. Kí ẹ sì mọ̀ pé èyí tí gómìnà gbé lọ síwájú ilé aṣòfin, ohun tí wọ́n fẹ́ ná ni. Èyí tó sọ ohun tí wọ́n ná gan-an ni ìwé tí wọ́n ń gbé jáde lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Òun ni kí ẹ kà. Mo kà á tán, mi ò rí orúkọ ilé ìtọ́jú àdúgbò wa níbì kankan. Gbogbo wọn ni wọ́n pa pọ̀ sí ojú kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wọ ilé ìtọ́jú kan ṣoṣo, àfi kó kọ̀wé béèrè.

Òfin FOI ti 2011, ìyẹn òfin òmìnira ìròyìn, ló fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ẹnikẹ́ni lè béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Bí ìwé náà bá pọ̀ gan-an tàbí wọ́n ní láti bá ọ́fíìsì mìíràn sọ̀rọ̀, wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un. Kíkọ lẹ́tà náà kò gba mi ní àsìkò kankan. Ojú ewé kan ni: ẹ fún mi ní ẹ̀dà ètò ìnáwó ilé ìtọ́jú yìí fún oṣù mẹ́ta báyìí, àti ìwé tí wọ́n fi gba oògùn àti ohun èlò. Mo tẹ ẹ̀dà méjì, mo buwọ́ lù ú, mo wọ ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé tó ń gba lẹ́tà ní ọ́fíìsì yẹn (mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà) jẹ́ ọkùnrin kan tó jù mí lọ díẹ̀, tó wọ súẹ́tà nínú ooru. Ó gba ti àkọ́kọ́, ó tì í bọ inú fáìlì kan. Mo na ẹ̀dà kejì sí i.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi lu òǹtẹ̀ sí èyí.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe, màdámù? Ṣebí a ti gbà á.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, òǹtẹ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀. Bí kò bá sí i, kò sí ọjọ́ 7 kankan tó ń ṣíṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá padà wá, wọ́n á ní lẹ́tà wo, ta lẹ fún, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníbàárà mi, ọkùnrin tó ń wá owó ìfẹ̀yìntì bàbá rẹ̀ ṣì ń ṣe fọ́tòkọ́pì lọ́dọ̀ mi títí di òní. Torí náà mo dúró. Ó ní òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Mo ní níbo ni ọ̀gá wà. Ó ní ọ̀gá lọ ìpàdé. Mo padà wá, ọ̀gá wà níjokòó, wọ́n ní lẹ́tà náà kò kọjá sí ibi tó yẹ, kí n lọ kọ ọ́ sí Akọ̀wé Àgbà. Mo lọ kọ ọ́ sí Akọ̀wé Àgbà. Mo padà wá, wọ́n ní yíǹkì ti gbẹ.

Mo bínú lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Obìnrin kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ akọ̀wé yìí ń bó ẹ̀pà sórí ìwé ìròyìn, ló bá dá sí ọ̀rọ̀ náà pé òfin FOI kò kan ìpínlẹ̀, ti àwọn ará Àbújá ni. Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ fi ń sọ ọ́, títí di oṣù kẹrin ọdún 2025 tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Nàìjíríà ní irọ́ ni, pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n sì fi dá a kò jìnnà sí tèmi: ní Edó, àwọn kan ló béèrè àkọsílẹ̀ owó lọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀ wọn tó ń gbógun ti àrùn éèdì, wọ́n fi dù wọ́n. Mo ti tẹ ìròyìn ìdájọ́ náà sórí ìwé, mo fà á yọ nínú báàgì. Akọ̀wé gbà á, ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì pẹ́pẹ́, ó dá a padà fún mi.

“Ẹjọ́ Edó nìyí, màdámù. Ọ̀ṣun la wà.”

Obìnrin ẹlẹ́pà rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo kàn mú un mọ́ra ni.

Nígbà tí mo tún padà lọ, ìgò yíǹkì wà nínú báàgì mi. Àwa tí a ń tẹ̀wé kì í wá yíǹkì òǹtẹ̀ tì. Elésèé àlùkò ni, èyí tí ìdérí rẹ̀ funfun. Mo kí wọn, mo bi wọ́n léèrè ilé, mo ṣí páàdì orí tábìlì, mo ro yíǹkì sí i, mo fi ìdérí ìgò tẹ́ ẹ yíká títí tó fi rin. Yàrá dákẹ́. Akọ̀wé wo páàdì, ó wò mí, ó ní “Háà, Ìyá yìí!” Ó fa dúróà yọ. Òǹtẹ̀ tó ní ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ike sítépù. Ọjọ́ tó wà lójú òǹtẹ̀ náà ṣì jẹ́ ti oṣù tó kọjá. Ó ti fẹ́ lù ú bẹ́ẹ̀, mo ní rárá o, sà, ẹ jọ̀ọ́. Ó fi imú báírò yí kẹ̀kẹ́ ọjọ́ náà díẹ̀díẹ̀, ó lù ú sórí ìwé tí kò wúlò kan kó lè wò ó, kó tó wá lù ú sórí tèmi. Mo ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo fi ìgò yíǹkì sílẹ̀ fún wọn kí ẹlòmíràn má bàa gbọ́ pé ó gbẹ.

Ọjọ́ 7 pé, ẹnikẹ́ni kò pè mí. Mo fi lẹ́tà kejì rán wọn létí pé owó ìtanràn ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi pé ó fi àkọsílẹ̀ dù ènìyàn láìtọ́ jẹ́ ₦500,000, àti pé mo ní ọjọ́ 30 láti gba ilé ẹjọ́ lọ. Ìyẹn jí wọn. Wọ́n ní ìwé ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kí n san ₦1,000 lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Èmi! Èmi tí mò ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún gbogbo Alẹ́kúwodò! Òfin ní owó ẹ̀dà ṣíṣe nìkan ni wọ́n lè gbà. Mo ní kí wọ́n yan ẹnì kan tó máa tẹ̀ lé ìwé náà, ká jọ lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu géètì, kí n san owó rẹ̀ fún un. Wọ́n kùn, wọ́n kùn, wọ́n yan ọmọ agùnbánirọ̀ kan tẹ̀ lé mi. ₦50 lójú ewé kan ni ọmọ yẹn gbà. Mo ra pọ́fù-pọ́fù fún agùnbánirọ̀.

Ohun tó wà nínú ìwé náà rèé. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ilé ìtọ́jú ní láti kọ ètò bí wọ́n á ṣe ná owó tó bá wọlé, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù tí gbogbo ènìyàn ń pè ní WDC. Nínú ètò tí ìyàwó àbúrò mi bọ́ sí, gílóọ̀fù wà níbẹ̀. Òwú wà níbẹ̀. Dírípù àti abẹ́rẹ́ ìbímọ wà níbẹ̀. Epo jẹnẹrétọ̀ ni nọ́ńbà kejì. Mo gbé páálí nọ́ọ̀sì tì í lórí tábìlì mi, mo ń fi rúlà tọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí wọ́n ti rà ni a tún rà.

Alága WDC tó buwọ́ lu ètò náà kì í ṣe àjòjì. Bàbá kan ni wọ́n, òpópónà kan ló wà láàárín wa, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣàdúrà ní ìpàdé àdúgbò. Mo mú àpò ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, mo kúnlẹ̀, mo fi ìwé hàn wọ́n. Wọ́n wo ìbuwọ́lùwé náà pẹ́.

“Èmi ni mo fọwọ́ sí i, ọmọ mi. Wọ́n máa ń gbé e wá sílé ni. Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀.”

Mo tú u fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi epo jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní “Jẹnẹrétọ̀ wo?” Mi ò lè bínú sí Bàbá. Ẹni tó ń gbé ìwé tí kò yé wọn wá fún wọn ni mo bínú sí, mo ṣì ń bínú sí i.

Ó wá ku Ọnọ́rébù. Aṣòfin 26 ló wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀ṣun, tiwa náà wà nínú wọn, ó sì máa ń jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀ láàárín ìlú lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn tó wà lórí ìlà lọ́jọ́ tí mo lọ, owó ilé ìwé, owó ìsìnkú, ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n bá wá. Ó kàn mí. Kí n tó la ẹnu, ó ti na ₦5,000 sí P.A. rẹ̀ pé kó fún Màmá ní owó ọkọ̀. Mo ní Ọnọ́rébù sà, mo ní owó ọkọ̀. Ìbéèrè ni mo gbé wá.

Ó gbọ́ mi tán, ó sì ní èsì nílẹ̀: owó Àbújá ni, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ilé ìtọ́jú, kí ló kan òun? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń padà sílé. Èmi ti kà á. Òfin 2014 yẹn kan náà ní ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ jẹ nínú owó àwọn iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dá ó kéré tán ìdá 25 tirẹ̀ sí i. Bọ́jẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀yin fọwọ́ sí ni ìdá yẹn ti ń jáde, sà. Abala 128 nínú ìwé òfin Nàìjíríà fún ilé yín lágbára láti wádìí owó tí ẹ bá bù, kí ẹ sì tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ àti ìnákúnàá. Abala 129 ní ẹ lè pe ẹnikẹ́ni kó mú ìwé wá, bó bá kọ̀, ẹ lè fi wáráǹtì gbé e. Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní mo ka ìwé ni. P.A. ló wá bèèrè ẹgbẹ́ òṣèlú mi níbi tí mo ti ń jáde, mo ní ẹgbẹ́ atẹ̀wé.

Mo fún Ọnọ́rébù ní ojú ewé kan ṣoṣo. Ìbéèrè mẹ́ta, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé tó gbè é lẹ́yìn. Bí mo bá kó gbogbo fáìlì fún un, inú búùtù ọkọ̀ ló máa sùn sí.

Wọ́n wá sí ilé ìtọ́jú náà lóòótọ́, òun àti àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlera. Mo fi ọgbọ́n jókòó sáàárín àwọn tó wá fún ọmọ wọn lábẹ́rẹ́. Wọ́n gbé mọ́ọ̀tì àti bisikíìtì wá, wọ́n ka ìwé ìkíni káàbọ̀ gígùn. Ọnọ́rébù mu mọ́ọ̀tì rẹ̀ tán, ó ní ká lọ wo sítóò. Nínú sítóò, káàdì kan máa ń kọ́ lára pẹpẹ ohun èlò kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù. Ó já ti gílóọ̀fù. Páálí 40 ló ti jáde nínú oṣù tí ìwé ìbímọ kọ ọmọ 11. Ọ̀gá ibẹ̀ ní gílóọ̀fù kì í ṣe ti ìbímọ nìkan, wọ́n ń fi wẹ egbò, wọ́n ń fi gba ẹ̀jẹ̀. Òtítọ́ ni. Ọnọ́rébù ní ó dára, kí ló wá dé tí ẹ tún fi ní kí wọ́n rà á? Ó gbé páálí tí a fi báírò pupa kọ sókè. Ara mi yá gágá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Nọ́ọ̀sì kan ló dáhùn, kì í ṣe ọ̀gá. Ó ní owó ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun há sí Àbújá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 nítorí ìjà àwọn olóṣèlú, pé òun ti fi owó ara òun ra fìtílà tí òun fi ń gbẹ̀bí. Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Mo wo ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀, mo sì mọ̀ pé irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n fìtílà kì í ṣe gílóọ̀fù, páálí 40 sì jáde.

Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ògiri tó kọ ohun tí káàdì bò ní Yorùbá. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, wọn ò sì tíì san owó rẹ̀. Bàbá alága ti ní àwọn ò ní fọwọ́ sí ìwé mọ́ bí wọn ò bá kà á sí etí ìpàdé. Wọ́n ti gbé ọ̀gá ilé ìtọ́jú náà lọ sí ibòmíràn, bóyá ìyà ni tàbí ìgbéga, àwa ò mọ̀. ₦46,500 kò padà. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ṣèlérí ìjábọ̀, a ò tíì gbọ́ pé wọ́n kà á níwájú ilé, torí náà mo ti kọ lẹ́tà FOI mìíràn, àwọn aṣòfin ni mo kọ ọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i láìjanpata. Ọjọ́ keje rẹ̀ á bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì.